Ta Ló Ní Àṣà Wa Ni Pípa Igún?

"Ebi ń pa ènìyàn, ẹ̀yin ń sunkún ẹyẹ. Ẹyẹ wo náà? Igún! Igún olórí pípá yẹn!"

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà ṣe dá mi lóhùn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé igún ni mo fẹ́ kọ nǹkan lé lórí. Wọn ò tíì dákẹ́. Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Wọ́n ní àṣà wa ni kí á máa fi í ṣe oògùn, pé àwọn bàbá wa ń ṣe é kí òyìnbó tó dé, òyìnbó yìí kan náà ló wá ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣàánú ẹranko. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò sì jiyàn níbẹ̀, torí a wà láàárín àlejò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ yunifásítì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ àti lẹ́nu ààfáà. Ó ti di ohun tí gbogbo ènìyàn gbà láìwádìí. Èmi ò gbà á. Irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ àṣà ló ń bí mi nínú jù nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìyá tó bí ìyá mi kò jìnnà sí odò ẹran. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn alápatà á ti máa pariwo, igún á sì ti tò sórí páànù ilé wa, wọ́n á sún èjìká sókè nínú òtútù òwúrọ̀, ẹnu wọn á pa mọ́. Bí àwọn alápatà bá ti da ìdọ̀tí inú màlúù àti ẹ̀jẹ̀ dídì sẹ́yìn ògiri, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa tọ lọ síbẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ibẹ̀ ti mọ́. Àwa ọmọdé a máa fẹ́ sọ òkò lù wọ́n. Ìyá àgbà kì í gbà. Wọn kì í ṣàlàyé. "A kì í pa á," ni wọ́n máa ń wí, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti Ìyá àgbà lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú mọ òwe tó ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Èèwọ̀ mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn lórí ẹyẹ kan ṣoṣo. Mélòó nínú ẹranko ilẹ̀ wa la ṣe bẹ́ẹ̀ fún? A ń pa ẹtu, a ń pa ìgalà, a ń fi ìgbín àti ẹyẹlé bọ. Igún wà lára àwọn díẹ̀ tí a yọ sọ́tọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: òun ló ń gba ẹbọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹbọ sí oríta tàbí sí ìdí igi, igún ni wọ́n ń wo ọ̀nà fún. Bí kò bá yọjú, ọkàn ẹlẹ́bọ kò ní balẹ̀. Ẹyẹ tí à ń rán níṣẹ́ dé ọ̀run, nínú àṣà ta ni wọ́n ti ń gé orí rẹ̀ tà?

Níbi ìsọmọlórúkọ, àgbàlagbà a máa gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, wọ́n á ní gúnnugún kì í kú léwe, ọmọ yìí náà kò ní kú léwe. A ń fi ẹ̀mí ọmọ wa wé ẹ̀mí ẹyẹ yìí nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ gba àdúrà náà ń rí igún tó gbó lójoojúmọ́, wọn kì í rí òkú rẹ̀. Àwa tí à ń gba àdúrà náà lónìí ń rí òkú rẹ̀ lórí àtẹ.

Mi ò sọ pé oníṣègùn àtijọ́ kò fọwọ́ kan igún rí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti lo ìyẹ́ rẹ̀ tàbí egungun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí oníṣègùn kan ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ní ìlú kan, nígbà tí igún ṣì kún orí páànù, kò ṣeé fi wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Òwò ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń pa á kò mọ ẹni tó ń gbé e, ẹni tó ń gbé e kọjá bodè kò mọ ẹni tó máa lò ó, ẹni tó sì ń lò ó, owó ló ń wá: àwúre, kí ọjà tà, kí nọ́ńbà tẹ́tẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí yẹ ọjà 67 wò ní orílẹ̀-èdè 12 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Nàìjíríà àti Benin ni òkú igún, àṣá àti àwòdì pọ̀ sí jù lórí àtẹ. Orílẹ̀-èdè méjì tí Yorùbá ń gbé, tí èèwọ̀ mẹ́ta yẹn ti ń jáde lẹ́nu àgbà, ló wá di ojúko ọjà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ní Guinea-Bissau, ó lé ní 2,000 igún tó kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ nínú òkú wọn láìlórí. Ẹni tó fi májèlé sínú ẹran fún wọn jẹ ti gé orí lọ tà. Ẹ rántí èèwọ̀ kẹta yẹn, ẹ wá sọ fún mi bóyá àṣà ló rán onítọ̀hún níṣẹ́.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Darcy Ogada, tó fi Kẹ́ńyà ṣe ibùjókòó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìròyìn ikú igún 7,819 jọ láti orílẹ̀-èdè 26 ní Áfíríkà. Májèlé ló pa 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún náà, 29 ni wọ́n pa nítorí oògùn. Ní 2015, IUCN, àjọ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, gbé igún tiwa yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Necrosyrtes monachus, sí ipele tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó bá pa nínú ẹyin náà á lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ìtẹ́ kó tó lè fò, lórí igi gíga bí àràbà, àràbà tí àwa náà ń gé lulẹ̀. Adìyẹ tí a bá pa lónìí, ọ̀la la ó rí òmíràn. Igún tí wọ́n pa lónìí, ọdún mélòó ni yóò gbà kí òmíràn tó dípò rẹ̀?

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ti òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ yìí, májèlé náà ni ẹ máa wò. Oògùn kòkòrò inú ike ni, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ṣe fún oko. Kò sí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tó wú u nínú igbó. Wọ́n á fọ́n ọn sára ẹran, igún á jẹ ẹ́, á ṣubú, wọ́n á sá a gbẹ, á dọ́jà. Oníbàárà á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ ọṣẹ fi wẹ̀, tàbí mọ́ ẹ̀kọ, á gbé e mu. Májèlé kò jáde kúrò nínú ẹran náà nígbà tí ẹyẹ kú. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń rà á kò mọ èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo rẹ̀. Ohun tí ẹ ń pè ní àwúre, oògùn apakòkòrò ni ẹ ń gbé mì.

Ti pé ẹyẹ burúkú ni, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ pá nítorí pé inú òkú ẹran ló ń ki orí bọ̀; ká ní ìyẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á jẹrà síbẹ̀, àìsàn á bá a. Omi inú ikùn rẹ̀ kan gan-an débi pé kòkòrò àrùn tó lè pa ènìyàn ń kú sínú rẹ̀. Ẹ̀dá tó ń gbé ikú jẹ kí ikú má bàa dé ọ̀dọ̀ wa la fi ń bú ara wa. Àwọn tó ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́ lórí pẹpẹ ìwàásù, kí wọ́n wá sọ ohun tí ó ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Kì í gbé òròmọdìyẹ bí àwòdì. Kì í bá wa jẹ àgbàdo lóko. Òkú ló ń jẹ.

Èyí tó kù ni "ebi ń pa ènìyàn." Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé òun ń gbèjà tálákà ni.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Íńdíà. Ní àwọn ọdún 1980, igún pọ̀ níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ronú pé ó lè tán. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Hindu kì í jẹ màlúù. Bí màlúù bá kú, wọ́n á wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìn ìlú, igún á parí iṣẹ́ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní àwọn ọdún 1990, Vibhu Prakash, onímọ̀ ẹyẹ tó ń bá Bombay Natural History Society ṣiṣẹ́, padà sí ọgbà Keoladeo ní Bharatpur, níbi tó ti ka igún rí. Ó bá wọn tí ọrùn wọn sọ̀ sílẹ̀ lórí igi, ó bá òkú wọn nílẹ̀, ó bá ìtẹ́ tó ṣófo. Ó figbe ta. Àwọn kan rò pé àrùn ni. Ní 2004 ni Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe ìwádìí tiwọn ní Pakistan, wá sọ orúkọ apani yẹn fún gbogbo ayé: diclofenac. Oògùn ara ríro ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti lò ó rí. Wọ́n ń fún màlúù tó ń ṣàìsàn lò. Bí màlúù náà bá kú, tí igún jẹ nínú rẹ̀, kíndìnrín igún á daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láàárín 1992 sí 2007, ẹ̀yà kan nínú wọn dín kù débi pé nínú 1,000 tó wà tẹ́lẹ̀, agbára káká ni 1 fi kù.

Òkú màlúù ò dúró de ìgbà tí igún máa padà. Ajá ìgboro ló jogún oúnjẹ náà. Ajá pọ̀ sí i ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, ajá tó ń gé ènìyàn jẹ pọ̀ sí i, dìgbòlugi sì ń pa ènìyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ju òkú ẹran sínú odò, omi bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, jókòó ṣírò rẹ̀, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2024: láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló kú tí wọn kì bá tí kú ká ní igún ṣì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ènìyàn ni.

Àwọn wo sì ni? Ajá ìgboro kì í gé ẹni tó jókòó sínú jíìpù tó ti gíláàsì jẹ. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ló ń gé jẹ. Ìyá tó ń ṣa ike lórí ààtàn ló ń gé jẹ. Ẹni tó ń pọn omi nínú odò ni omi tó bàjẹ́ ń bá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ajá gé jẹ rí iye tí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ń náni, iye ìgbà tí wọ́n ní kó padà wá gbà á, iye ilé ìwòsàn tí wọ́n ti sọ fún un pé kò sí. Bí àmì àrùn yẹn bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló máa ń já sí. Ẹ wá lọ sí odò ẹran èyíkéyìí tí kò sí igún mọ́ lónìí, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dípò rẹ̀: ajá, eku àti eṣinṣin. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kan tó ń san owó oṣù fún igún. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwa kò rí owó san fún. Ẹni tó bá ń ronú nípa tálákà ní tòótọ́, igún wà lára ohun tó yẹ kó máa ṣọ́.

Íńdíà, Nepal àti Pakistan fòfin de diclofenac fún ẹran ọ̀sìn ní 2006. Oògùn mìíràn wà, meloxicam, tí kì í pa igún. Wọn ò sọ fún ẹni tó ní màlúù pé kó máa wo ẹran rẹ̀ nínú ìrora. Wọ́n fún un ní àrọ́pò.

Àrọ́pò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko lọ́dọ̀ wa sọ, torí mi ò fọwọ́ sí gbogbo ohun tí àwọn náà ń ṣe. Mo mọ rírì wọn. Àjọ NCF, tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ti ń jà fún igbó àti ẹranko ilẹ̀ yìí nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọ̀dọ́ wà tó ń fi ẹsẹ̀ wọn rin ọjà, tí wọ́n ń ka orí igún lórí àtẹ láàárín àwọn tí inú wọn kò dùn láti rí wọn. Iṣẹ́ akin ni. Ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù, ìpàdé tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì lórí ẹyẹ tí ìyá àgbà wa ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dáàbò bò kí wọ́n tó bí wa. Àwọn kan sì tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé oníṣègùn ni ọ̀tá, pé kí ọlọ́pàá máa kó àwọn lẹ́kùlẹ́jà. Nàìjíríà ti ní òfin lórí òwò àwọn ẹranko tó ń parẹ́ láti 1985; kí òfin náà lọ bá ẹni tó ń pín májèlé àti ẹni tó ń kó òkú ẹyẹ kọjá bodè ní àpò-àpò. Ìyá arúgbó tó na àtẹ sẹ́bàá ọ̀nà kọ́ ni ká kọ́kọ́ sáré sí.

Oníṣègùn la nílò jù lọ nínú ìjà yìí. Òun ni oníbàárà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Nígbà tí NCF jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti wá ewé tí wọ́n lè lò dípò ẹ̀yà ara igún, ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n gbà yẹn. Kì í ṣe ohun àjèjì ni wọ́n gbé wá. Bí a ò bá rí àdán, a óò fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: àwọn àgbà ló ní kí á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣègùn Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ohun tí kò sí. Ẹni tó bá ní láìsí orí igún oògùn òun kò lè jẹ́, ó ń bu ìmọ̀ àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ kù. Abọ́bakú náà jẹ́ àṣà nígbà kan. A fi í sílẹ̀, ọba ṣì ń jẹ.

Mo padà lọ sí ọjà lẹ́yìn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ yẹn. Màmá kan tó ń ta egbò àti àgbo níbẹ̀ mọ ìyá mi; ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n léèrè iye tí orí igún jẹ́ báyìí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn tó máa ń gbé e wá láti òkè Ọya kì í rí i mọ́, pé ó ti di ọ̀wọ́n, pé ọdún tó kọjá ni wọ́n rí èyí tó kẹ́yìn.

Mo nawọ́ sí orí gbígbẹ méjì kan lórí àtẹ wọn, pípá, tí awọ rẹ̀ ti súnkì. Mo ní, "Àwọn wo wá nìyí, Màmá?"

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Tòlótòló ni, ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe? Wọ́n ṣáà ń béèrè."

Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́ta.

"Ṣé ẹnì kankan ti padà wá bá yín pé kò jẹ́?"

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n mú ìnulẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n nu eruku kúrò lórí orí tòlótòló náà, wọ́n tò wọ́n padà síbi tí wọ́n wà.

"Rárá," wọ́n ní. "Kò tíì sí."